Amos Tutùọlá

Amos Tutùọlá (ọjọ́ 20 oṣù Okúdù ọdún 1920 – ọjọ́ 8 oṣù Okúdù ọdún 1997) jẹ́ òǹkọ̀wé ọmọ Yorùbá láti agbègbè Abẹ́òkúta ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard, tí ilé-iṣẹ́ Faber and Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952, wà lára àwọn ìwé ìtàn-àròsọ àkọ́kọ́ tí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí wọn kàn ká gbogbo àgbáyé. Ìwé náà dá lórí ọ̀mùtí kan tí adẹ́mu rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ tó sì kú, tí ọ̀mùtí náà wá gbéra láti lọ wá a ní ìlú àwọn òkú. Láti ọdún 1956 ni Tutùọlá ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Ìbàdàn, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì àti olùtọ́jú ẹrù ni ó fi jẹun, tí kò sì lò ju ọdún mẹ́fà lọ ní ilé-ẹ̀kọ́, a ti túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga sì ń kọ́ni nípa rẹ̀ títí di òní.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Wọ́n bí Tutùọlá ní Wáṣinmi, abúlé kan tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Ògùn lónìí. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni Charles Tutùọlá Ọdẹ́gbàmí, orúkọ ìyá rẹ̀ sì ni Esther Àìná. Àgbẹ̀ oníkòkó ni àwọn méjèèjì, ẹlẹ́sìn Kristi sì ni wọ́n. Bàbá bàbá rẹ̀, Ọdẹ́gbàmí, jẹ́ ìjòyè láàrin àwọn Ẹ̀gbá, ó sì di ẹ̀sìn ìbílẹ̀ mú. Èyí já sí pé inú ilé kan náà ni ọmọ náà ti mọ orin ìjọ àti orò ilé baba rẹ̀. Nínú àwọn ìwé tó kọ lẹ́yìn náà, kò sí èyí tó ṣá tì nínú méjèèjì.

Nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n fi í sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìjọba kan tó jẹ́ ọmọ Ígbò. Ó ń bá a ṣe iṣẹ́ ilé, akọ̀wé náà kò sì san owó fún un, bí kò ṣe pé ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni Tutùọlá gbà wọ ilé-ẹ̀kọ́ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ìgbàlà ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1934. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ṣí lọ sí Èkó, ó bá a lọ, ó sì ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sí Abẹ́òkúta, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà.

Ní ọdún 1939 bàbá rẹ̀ kú, kò sì sí ẹni tí yóò máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún un mọ́. Ó gbìyànjú láti dáko kí ó lè fi owó irè oko padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀ bó ti yẹ, ohun tó gbìn kò sì so. Bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe parí nìyẹn. Ọ̀dá tó gbẹ oko rẹ̀ yìí tún padà wá nínú ìwé rẹ̀, nítorí pé ìyàn tó mú nígbà tí ọ̀run kọ̀ tí kò rọ òjò ni ó fi kádìí ìtàn ọ̀mùtí náà.

Alágbẹ̀dẹ àti ìránṣẹ́ ọ́fíìsì

Lẹ́yìn tí oko kùnà, Tutùọlá lọ sí Èkó láti kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Láti ọdún 1942 títí di ọdún 1945, ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣe iṣẹ́ náà fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà. Nígbà tí ogun parí, ó fẹ́ ṣí ilé arọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí owó irinṣẹ́. Ó ta búrẹ́dì, ó sì ṣe àwọn iṣẹ́ kéékèèké mìíràn kí ó tó rí iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ní ọdún 1947 ó fẹ́ Victoria Àlàkẹ́.

Iṣẹ́ ìránṣẹ́ kì í gba gbogbo ọjọ́. Òṣìṣẹ́ náà a máa jókòó fún wákàtí púpọ̀ láìsí ìwé tí yóò gbé lọ síbì kankan. Tutùọlá sọ nígbà tó yá pé láti lé àárẹ̀ ìjókòó lásán ni òun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ìtàn tí òun ti gbọ́ ní kékeré sórí ìwé. Nínú àwọn ìtàn wọ̀nyí ni èyí tí ó ní bàbá àgbàlagbà kan pa fún òun ní oko ọ̀pẹ, níbi tí wọ́n ti jọ ń mu ẹmu. Ọjọ́ díẹ̀ ni ó fi kọ ọ̀rọ̀ inú ìtàn náà sílẹ̀ ní àkọ́kọ́, kí ó tó wá fẹ̀ ẹ́ lójú.

Ìwé tó kọ́kọ́ kọ, The Wild Hunter in the Bush of the Ghosts, ni ó fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń tẹ ìwé nípa iṣẹ́ fọ́tò, nítorí pé ìtàn náà ní í ṣe pẹ̀lú àwòrán àwọn iwin. Wọn kò tẹ ìwé náà nígbà náà. Ọdún 1982 ni ó tó jáde. Èyí tó kọ tẹ̀ lé e ni ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìtẹ̀wé Kristẹni kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn yẹn kò lè tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jù ú nù. Wọ́n fi í ṣọwọ́ sí Faber and Faber, ilé-iṣẹ́ tí akéwì T. S. Eliot jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí rẹ̀. Faber tẹ ìwé náà jáde ní oṣù Èbìbí ọdún 1952. Àtúnṣe díẹ̀ ni wọ́n ṣe sí èdè rẹ̀, wọ́n sì fi àwòrán ojú-ewé kan láti inú ìwé àfọwọ́kọ Tutùọlá sínú rẹ̀ kí òǹkàwé lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n tún ṣe.

Ìtàn ọ̀mùtí náà

Ẹni tó ń sọ ìtàn inú The Palm-Wine Drinkard jẹ́ àkọ́bí ọlọ́rọ̀ kan. Láti ọmọ ọdún 10 ni kò ti mọ iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa mu ẹmu lọ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ rí i pé kò lè ṣe nǹkan mìíràn, ó fún un ní oko ọ̀pẹ tó ní igi 560,000, ó sì gba adẹ́mu kan tí iṣẹ́ náà mọ́ lọ́wọ́. Adẹ́mu yìí a máa dá agbè ẹmu 150 láàárọ̀, a sì tún dá 75 ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ a máa wọ́ tọ ọ̀mùtí náà wá, wọn a sì máa bá a mu ún láti àárọ̀ títí di òru.

Ọdún 15 ni adẹ́mu náà fi ṣe iṣẹ́ yìí kí bàbá ọ̀mùtí tó kú. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, adẹ́mu gun ọ̀pẹ, ó já bọ́, ó sì kú. Wọ́n sin ín sí ìdí ọ̀pẹ náà. Ọ̀mùtí wá adẹ́mu mìíràn títí, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó lè dá ẹmu tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò yà sílé rẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni ó rántí ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ, pé ẹni tó kú kì í lọ sọ́run lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pé ibì kan wà láyé tí ó ń gbé. Ó kó oògùn rẹ̀, ó sì lọ wá adẹ́mu náà.

Ní ọ̀nà, ó mú Ikú nínú àwọ̀n. Ó gba ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ agbárí tó yá ẹ̀yà ara lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn láti di arẹwà ọkùnrin lọ́jà, ó sì fi ọmọbìnrin náà ṣe aya. Àwọn méjèèjì rìn fún ọdún púpọ̀ láàrin àwọn ẹ̀dá oríṣiríṣi kí wọ́n tó dé ìlú àwọn òkú, níbi tí gbogbo ará ìlú ti ń fi ẹ̀yìn rìn. Adẹ́mu wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ pé òkú kò lè bá alààyè gbé mọ́. Dípò ara rẹ̀, ẹyin kan ni ó fún un, ẹyin tó lè pèsè ohunkóhun tí ó bá béèrè. Nígbà tí ọ̀mùtí padà sílé, ìyàn ti mú. Ó fi ẹyin náà bọ́ ogunlọ́gọ̀ èèyàn títí wọ́n fi fọ́ ọ nínú ìrọ́kẹ̀kẹ̀ wọn, nígbà tí ó sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀, pàṣán nìkan ni ẹyin náà ń pèsè. Ẹbọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀run ni ó mú kí òjò tún rọ̀.

Iṣẹ́ adẹ́mu tó wà nídìí ìtàn náà

Òǹkàwé tí kò mọ bí a ṣe ń dá ẹmu lè rò pé ìfẹ́ ọtí lásán ni ó gbé ọ̀mùtí náà dé ìlú àwọn òkú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé ìtàn yìí kò lè rí bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé ọtí mìíràn ni ọkùnrin náà ń mu. Ẹmu kì í ṣe ohun tí a lè pèsè sílẹ̀ kí a sì tì mọ́ inú yàrá. Òòjọ́ ni a ń dá a, òòjọ́ náà ni a sì ń mu ún.

Oríṣi ẹmu méjì ni ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹmu ọ̀pẹ ń wá láti ara igi ọ̀pẹ tí ó ń so ẹyìn. Ògùrọ̀ ń wá láti ara igi ògùrọ̀ tó ń hù ní àbàtà àti etí odò. Igi yìí kì í yọ òdòdó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀, lẹ́yìn èyí a sì kú. Ní ti ọ̀pẹ, adẹ́mu yóò fi igbà gun igi, yóò ṣán imọ̀ tó bá dí i lọ́nà, yóò sì wá òdòdó akọ tí kò tíì là. Yóò fi ọ̀bẹ mímú gé orí rẹ̀, yóò sì fi ọparun tàbí ewé ṣe ọ̀nà tí omi rẹ̀ yóò gbà ṣàn sínú agbè tó so mọ́ ọn. Lónìí, kẹ́ẹ̀gì oníke ti rọ́pò agbè ní ibi púpọ̀. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni ó ń padà lọ, gbogbo ìgbà tó bá sì gorí igi ni ó gbọ́dọ̀ tún bẹ́ ojú ibi tó gé díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú náà yóò dí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ yìí gan-an ni adẹ́mu inú ìwé Tutùọlá ń ṣe. Iye agbè ni Tutùọlá sọ di àrà. Ètò iṣẹ́ náà kò yàtọ̀ sí ti oko.

Bí omi náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán láti ara igi, dídùn ni, kò sì pani. Ṣúgà inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 10 sí 12 nínú 100. Kò sí ẹni tó ń fi ohunkóhun sí i kí ó tó di ọtí. Àwọn ohun alààyè kéékèèké bí ìwúkàrà, tó wà nínú afẹ́fẹ́, lára igi àti nínú agbè tí a ti lò tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ń jẹ ṣúgà náà, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́ tó ń mú kí ẹmu hó. Láàrin wákàtí díẹ̀ ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ọtí inú rẹ̀ lè tó nǹkan bí ìdá 4 tàbí 5 nínú 100, ṣùgbọ́n nígbà náà ẹmu ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan, nítorí pé àwọn kòkòrò tó ń fa kíkan náà ń ṣiṣẹ́ tiwọn. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan sí i, ọtí kíkan ni yóò dà.

Ohun tí àwọn tó ń tọ́jú ẹmu nílé máa ń ṣe ti inú èyí wá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹmu dídùn yóò fi omi gbígbóná ṣan agbè tàbí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ mọ́ kí ìsàlẹ̀ àná má bàa tètè mú ti òní kan. Yóò fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ kí kòkòrò àti èérí lè kúrò. Yóò gbé e sí ibi tútù, nítorí pé òtútù ń fa iṣẹ́ ìwúkàrà sẹ́yìn, bí kò tilẹ̀ dá a dúró. Kò ní dé ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì pa pátápátá, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń ti inú ẹmu jáde lè fọ́ ìgò tí kò rí àyè mí. Kò sì ní bù mọ́ ọn pẹ̀lú omi tí kò dá lójú.

Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó fi hàn ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún pé ohun alààyè ni ó ń sọ ṣúgà di ọtí, àti pé bí a bá mú wáìnì gbóná níwọ̀nba láìjẹ́ kí ó hó, kò ní tètè bàjẹ́. Ọ̀nà yìí ni Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀ṣòdì, ní Èkó, lò láti mú kí ẹmu inú ìgò lè pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n iná tó ń dá kíkan dúró náà ni ó ń dá híhó rẹ̀ dúró, àwọn amùẹmu sì máa ń sọ pé adùn ti inú ìgò kò dọ́gba pẹ̀lú ti ìdí ọ̀pẹ.

Ẹmu, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí inú ìgò

Yorùbá ní àwọn ọtí mìíràn tí a ń pò nílé. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ọtí àgbàdo. A ó rẹ àgbàdo sínú omi, a ó jẹ́ kí ó hù fún ọjọ́ díẹ̀, nítorí pé híhù náà ni ó ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ lè di ṣúgà. A ó sá a sínú oòrùn, a ó lọ̀ ọ́, a ó pò ó mọ́ omi, a ó sè é pẹ́, a ó sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà a ó fi í sílẹ̀ títí yóò fi hó. Ọ̀nà tó jọ èyí ni a fi ń fi ọkà bàbà ṣe ọtí. Àgàdàgídí ni ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rọ̀: a ó bó o, a ó fọ́ ọ sínú omi, a ó sì jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta kí a tó sẹ́ ẹ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn wọ̀nyí àti ẹmu ni ó mú kí ikú adẹ́mu wúwo tó bẹ́ẹ̀. Àgbàdo àti ọkà bàbà ṣe é kó sínú àká. Ẹni tó bá ní ìkòkò, omi àti iná lè pọn ọtí rẹ̀ nígbà tó bá wù ú, bí ẹni tó ń pọn ọtí bá sì kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin lè máa bá a lọ láti inú àgbàdo kan náà. Ẹmu kò rí bẹ́ẹ̀. Igi 560,000 dúró síbẹ̀ lẹ́yìn ikú adẹ́mu, oko kò dínkù, ogún bàbá kò ṣòfò, síbẹ̀ ọ̀mùtí kò rí ẹmu mu. Ọwọ́ ẹni kan ni gbogbo ọrọ̀ náà rọ̀ mọ́, ọ̀mùtí kò sì mọ̀ títí ọwọ́ náà fi yẹ̀.

Àsìkò tí ìwé náà jáde tún fi kún ìtumọ̀ rẹ̀. Ọdún 1946 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tó di Nigerian Breweries sílẹ̀, ní ọdún 1949 sì ni ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó. Nígbà tí Tutùọlá ń kọ̀wé, ọtí tí kò nílò adẹ́mu kankan, tí a lè kó jọ sí ìsọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ti ń di ohun ọ̀ṣọ́ lórí tábìlì àwọn ọ̀làjú. Nígbà tó yá, ní ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ náà ṣí ibi ìpọntí sí Ìbàdàn pẹ̀lú. Tutùọlá sọ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé ohun tó mú òun kọ̀wé ni pé òun rí i pé àwọn ọ̀dọ́ kò ka àṣà àti ìtàn ilẹ̀ wọn sí mọ́.

Àríyànjiyàn lórí èdè ìwé náà

Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1952, akéwì Dylan Thomas kọ àyẹ̀wò ìwé náà sínú ìwé ìròyìn The Observer ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì yìn ín gidigidi. Ní ọdún 1953 ìwé náà jáde ní Amẹ́ríkà, ní ọdún kan náà sì ni òǹkọ̀wé Raymond Queneau túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tó kà á ni ojú tì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò tẹ̀lé òfin gírámà. Kódà ọ̀rọ̀ kan nínú orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ń yìn ín nítorí pé ó ń fi Áfíríkà ṣe yẹ̀yẹ́, pé yóò mú kí ayé rò pé aláìmọ̀wé ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ní àsìkò tí orílẹ̀-èdè náà ń béèrè òmìnira. Àwọn mìíràn ní àwọn ìtàn tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ ni ó kó jọ, àti pé D. O. Fágúnwà, tí ìwé rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, ti ṣe irú rẹ̀ ní èdè Yorùbá, ó sì ṣe é dáadáa jù ú lọ.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú àwọn ẹ̀sùn wọ̀nyí. Tutùọlá jẹ Fágúnwà ní gbèsè, kò sì sẹ́ pé ìtàn àwọn àgbà ni òun ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó tún èdè rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn náà rí i pé ìlànà èdè Yorùbá ni ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, láti bó ṣe ń to gbólóhùn dé bó ṣe ń tún ọ̀rọ̀ sọ, gẹ́gẹ́ bí apàlọ́ tó ń rí i dájú pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn pàápàá gbọ́. Ní ọdún 1977, Chinua Achebe fi ìwé náà ṣe kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn. Èrò rẹ̀ ni pé ìwé náà kì í ṣe ìtàn ọmọdé rárá: ìbéèrè nípa iṣẹ́ àti fàájì ni, nípa ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó sọ ìgbádùn di iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti ṣe.

Tutùọlá ní Ìbàdàn

Ní ọdún 1956, lẹ́yìn tí mẹ́ta nínú àwọn ìwé rẹ̀ ti jáde, Tutùọlá wọ iṣẹ́ Ilé-iṣẹ́ Rédíò Nàìjíríà ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú ẹrù, iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń pè ní sítọ́kípà. Ìbàdàn ni olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nígbà náà, àdúgbò Dùgbẹ̀ sì kún fún báńkì, ọ́fíìsì àti ọjà. Bí òkìkí rẹ̀ ti kàn tó ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, iṣẹ́ kíka ẹrù àti kíkọ wọ́n sínú ìwé ni ó ń ṣe lójoojúmọ́.

Ní ọdún 1961, nígbà tí Ulli Beier àti àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé dá Ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ nítòsí ọjà Dùgbẹ̀, Tutùọlá wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni òun, ẹni tí kò parí ilé-ẹ̀kọ́, ti ń bá àwọn ọmọ yunifásítì bíi Wọlé Ṣóyínká pàdé.

Ohun tó mú ìtàn ọ̀mùtí náà padà dé etí àwọn ará ilé ni eré orí ìtàgé. Tutùọlá pẹ̀lú Robert Collis, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn, sọ ìwé náà di eré. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọ̀gá nínú eré alárìnjò ìgbà náà, gbé e wọ èdè Yorùbá pẹ̀lú orin, ìlù àti ijó. Ní ọdún 1963 ni wọ́n ṣe é ní gbọ̀ngàn eré yunifásítì náà, ní òdìkejì Agbowó. Ọ̀mùtí inú eré náà ń jẹ́ Láńkẹ́, Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe é. Láti ibẹ̀ ni Láńkẹ́ Ọ̀mùtí ti rìn káàkiri àwọn ìlú, ó sì dé Algiers ní ọdún 1969 fún àjọ̀dún àṣà ilẹ̀ Áfíríkà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn kan kọ̀ kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Adẹ́mu, igbà, agbè àti àwọn ọ̀rẹ́ tó sá lọ nígbà tí ẹmu tán ni ó kù, kò sì sí ẹni tó nílò àlàyé.

Àwọn ìwé rẹ̀ mìíràn

My Life in the Bush of Ghosts jáde ní ọdún 1954. Ọmọ kékeré kan tó sá fún ogun akónilẹ́rú tó sì ṣìnà wọ igbó àwọn iwin ni ó dá lé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Simbi and the Satyr of the Dark Jungle (1955), The Brave African Huntress (1958), Feather Woman of the Jungle (1962) àti Ajaiyi and His Inherited Poverty (1967). Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí The Witch-Herbalist of the Remote Town tó jáde ní ọdún 1981. Ó kó àwọn àlọ́ jọ sínú Yoruba Folktales (1986), ó sì kọ Pauper, Brawler and Slanderer (1987). Àwọn ìtàn kúkurú rẹ̀ tó jáde kẹ́yìn nígbà ayé rẹ̀ wà nínú The Village Witch Doctor and Other Stories (1990).

Ìgbẹ̀yìn ayé àti ogún rẹ̀

Ní ọdún 1979 Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ gba Tutùọlá gẹ́gẹ́ bí àlejò olùwádìí, ní ọdún 1983 ó sì lọ sí ètò àwọn òǹkọ̀wé àgbáyé ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà. Àwọn olórin Brian Eno àti David Byrne fi orúkọ ìwé rẹ̀ kejì sọ àwo orin wọn tó jáde ní ọdún 1981.

Tutùọlá kú ní ilé rẹ̀ ní Odò-Ọnà, Ìbàdàn, ní ọjọ́ 8 oṣù Okúdù ọdún 1997, ọjọ́ 12 péré kí ó tó pé ẹni ọdún 77. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ni ó ń bá a jà. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ wà ní ibi ìpamọ́ Harry Ransom Center ní Yunifásítì Texas ní Austin, níbi tí àwọn olùwádìí ti ń kà wọ́n. Ìwé The Palm-Wine Drinkard ṣì ń jáde lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ní ti adẹ́mu, òun ni gbogbo ìtàn náà ń wá kiri, òun náà sì ni àwọn tó ń kọ́ni nípa ìwé yìí máa ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn láti kíyè sí.